Kì í Ṣe Igi Ẹ̀bá Ọ̀nà Ló Ń Fọhùn Nínú Ìlù

Ẹ̀yin ará Àfọ̀n, ẹ̀yin ará Ìmẹ̀kọ, Ayétòrò àti Ìlaròó ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ̀yin ẹbí wa ní Kétu lódìkejì ibodè, ní Benin, àti ẹ̀yin ọmọ Àyàn níbi gbogbo tí ìwé yìí bá dé, ẹjọ́ kan ni mo gbé wá síwájú yín.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ ọ́ nílẹ̀ Yorùbá pé ìlù tí yóò bá sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, igi tó hù lẹ́bàá ọ̀nà ni kí á fi gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní irú igi bẹ́ẹ̀ ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń lọ sóko, àwọn tó ń tọjà bọ̀, àwọn tó ń jà àti àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Igi inú aginjù tí kò gbọ́ ohùn ènìyàn rí ńkọ́? Wọ́n ní ìlù rẹ̀ yóò yadi.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, mo sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iṣẹ́ títún ìlù ṣe ni mo fi ń jẹun. Mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́ fún oníbàárà rí. Lónìí, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Kò sí igi tó gbọ́ Yorùbá. Awọ ló ń dún nínú ìlù, ọwọ́ onílù ló ń mú un sọ̀rọ̀, etí ẹni tó gbédè ló sì ń túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ igi ni láti di awọ mú. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín lẹ́sẹẹsẹ.

Ìlù tí mo rà lọ́wọ̀n-ọ́n

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ìyá ìlù dùndún kan. Ẹni tó tà á fún mi búra pé igi apá tó wà létí ọ̀nà ọjà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, àti pé láyé baba ńlá òun ni igi náà ti wà níbẹ̀. Nítorí ìbúra yẹn, mo san ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì iye tí mo máa ń san. Mo gbé e délé, mo kọ́ ọ léjìká, mo lù ú. Ohùn rẹ̀ há bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Bí mo fún ọsán rẹ̀, okùn awọ tó so ojú méjèèjì pọ̀, mọ́ra, kò ròkè tó. Bí mo dẹ̀ ẹ́, kò balẹ̀ tó. Mo sọ lọ́kàn mi pé wọ́n ti purọ́ fún mi, pé igi inú igbó ni. Mo gbé e kọ́ ara ògiri.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo tú u. Awọ ewúrẹ́ tó ti gbó ni mo bá lójú rẹ̀, wọn kò sì fá a dọ́gba: apá kan nípọn, apá kejì fẹ́lẹ́. Mo wá awọ ọmọ ewúrẹ́, mo rẹ ẹ́ sómi, mo fá a títí ó fi fẹ́lẹ́ dọ́gba yí ká, mo fi bo ojú méjèèjì, mo sì tún ọsán ta. Nígbà tó gbẹ, ìlù náà sọ̀rọ̀. Ó pe orúkọ, ó ki oríkì, ó pòwe. Igi rẹ̀ kò yí padà rárá. Awọ nìkan ni mo pààrọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè: bí ó bá jẹ́ pé igi ló gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ló dé tí kò sọ ọ́ nígbà tí awọ burú?

Ohun tó ń dún

Bí a bá lu ojú ìlù, awọ á máa gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀, á máa ti afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sì gbé ìgbọ̀n náà dé etí wa. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu bóyá ohùn yóò ròkè tàbí yóò lọ sílẹ̀: bí a ṣe fa awọ le tó, bí ojú ìlù ṣe fẹ̀ tó, àti bí awọ ṣe wúwo tó. Awọ tí a fà le á ké sókè. Ojú tó fẹ̀ á ké sísàlẹ̀. Awọ tó wúwo á ké sísàlẹ̀. Ìran igi kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Gbogbo onílù ló mọ èyí lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ wo dùndún. Agbẹ́lù gbẹ́ àárín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kí àyè lè wà fún ọsán. Bí onílù bá fún ọsán yìí mọ́ ìhà, awọ á le, ohùn á ròkè. Bí ó bá dẹwọ́, ohùn á balẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀: àwọn ni ohùn mẹ́ta tí èdè Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, àwọn náà ni ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lẹ́nu ìlù. Ẹ wo gúdúgúdú àti bàtá. Ojú awọ ni wọ́n ń lẹ ìda mọ́, kí awọ lè wúwo, kí ohùn rẹ̀ sì yí padà. Kò sí ẹni tó ń fi ìda kun igi. Ẹ wo onílù lásìkò òjò. Ojú ìlù ló ń yá sí iná tàbí sí oòrùn, nítorí ọ̀rinrin ti mú awọ rọ̀. Àwọn àgbà wa ló sì sọ pé ìlù tó bá ń dún àdúnjù, yíya ló ń ya. Awọ ni í ya. Igi kì í ya.

Ẹ dán nǹkan méjì wò kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ẹ lu ìlù, kí ẹlòmíràn fi àtẹ́lẹwọ́ lé awọ: ohùn á kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún un lù, kí onítọ̀hún di igi mú dípò awọ: ohùn á máa lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìlù dúró kí ojú rẹ̀ kan wà lókè, ẹ wọ́n gààrí díẹ̀ sí i, kí ẹ rọra lù ú létí. Gààrí á máa fò. Irú àyẹ̀wò yìí ni Ernst Chladni, ọmọ Jámánì, kọ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1787. Iyanrìn ló wọ́n sórí irin pẹlẹbẹ tó ń gbọ̀n, ó sì jẹ́ kí ayé fojú rí ohun tí wọ́n ti ń fi etí gbọ́.

Bí iyèméjì bá ṣì kù, ẹ rántí sákárà. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ òrùka rẹ̀. Wọ́n á sun ún níná bí ìkòkò, wọ́n á fi awọ bò ó, wọ́n á fi èèkàn kéékèèké fa awọ náà le. Onílù á fi ìka tẹ awọ láti ẹ̀yìn kí ohùn lè yí. Ìlù yìí ló wà nídìí orin tí Yusuf Olatunji fi gbajúmọ̀ ní Abẹ́òkúta àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá títí ó fi jáde láyé ní 1978. Ẹni tó bá fetí sí i dáadáa mọ̀ pé ìlù náà ń sọ̀rọ̀. Amọ̀ kò hù lẹ́bàá ọ̀nà. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á, iná ni wọ́n fi sun ún, kò sí ìlà igi kankan lára rẹ̀, kò sì yadi. Ká gúnyán sínú ewé, ká sebẹ̀ sínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ibi tí igi ti ń dún ní tòótọ́

Ẹnìkan lè bi mí pé: àwọn Lárúbáwá tó ń ṣa igi fún úùdù wọn ńkọ́? Ṣé òmùgọ̀ ni wọ́n? Rárá o. Úùdù gan-an ni yóò tú ọ̀rọ̀ yìí fún wa.

Úùdù ni ohun èlò olókùn tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú orin Lárúbáwá. Ikùn rẹ̀ yọ rogodo bí ìdajì igbá, ọrùn rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, okùn rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ 11 tàbí 13. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti dé Spain, tí àwọn Òyìnbó fi rí ohun èlò tí wọ́n ń pè ní lute, orúkọ tí wọ́n yọ láti ara al-ʿūd. Ní èdè Lárúbáwá, igi ni ʿūd. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan gbà pé ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ náà ni pé igi ni ojú rẹ̀, nígbà tí ojú àwọn ohun èlò olókùn mìíràn jẹ́ awọ, bí a ti ń fi awọ bo ojú igbá gòjé níhìn-ín. Àwa ń pe ibi tí ìlù ti ń dún ní ojú ìlù. Àwọn náà ń pe ti úùdù ní wajh, èyí tí í ṣe ojú.

Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí a fi ṣe ojú méjèèjì. Igi spruce, igi àwọn ilẹ̀ tútù, ni wọ́n sábà fi ń ṣe ojú úùdù. Wọ́n á fá a títí yóò fi tín-ín-rín, tí kò ní nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Bí a bá ta okùn, ojú yìí ló ń gbọ̀n. Lára úùdù, igi ló ń ṣe iṣẹ́ tí awọ ń ṣe lára ìlù wa. Níbẹ̀ ni ìlà inú igi ti ní agbára. Spruce le ní ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní gígùn ìlà rẹ̀ ju bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ìbú lọ, ohùn sì ń yára sáré gba gígùn náà kọjá. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ úùdù fi ń jẹ́ kí ìlà náà bá okùn lọ lọ́gbọọgba, tí yóò sì lẹ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan mọ́ abẹ́ rẹ̀ ní ìbú, kí ibi tí igi ti rọ̀ lè rí ìrànlọ́wọ́.

Àwọn náà ní àṣìgbàgbọ́ tiwọn lórí èyí. Ọ̀pọ̀ olùrà gbà pé bí ìlà ojú úùdù bá ti sún mọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ yóò dára tó, wọ́n sì ń ka ìlà bí ẹní ń ka owó. Ohun tí ìlà ń sọ ni pé ní ilẹ̀ tútù, igi máa ń dẹ́kun dídàgbà nígbà òtútù. Ọdún kọ̀ọ̀kan á fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀. Ìlà tó sún mọ́ra túmọ̀ sí pé igi náà kò yára dàgbà. Ìlà nìkan kò lè sọ bí pákó kan ṣe wúwo tó tàbí bí ó ṣe le tó. Pákó méjì tí ìlà wọn jọra lójú lè yàtọ̀ lóhùn. Nítorí náà ni àgbà oníṣẹ́ kì í fi ojú nìkan mú pákó. Yóò gbé e, yóò tẹ̀ ẹ́ wò, yóò fi ìka kàn án, yóò fetí sí i, lẹ́yìn náà ni yóò máa fá a díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dáhùn bó ti fẹ́. Níbi tí igi ti ń dún gan-an, ọwọ́ àti etí ló ṣì ń parí iṣẹ́.

Gìtá mẹ́fà nínú òkùnkùn

Igi tí kò dún, tó kàn ń di ojú mú, bí igi ìlù wa, ńkọ́? Wọ́n ti yẹ èyí wò. Ní 2018, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì kan jáde. Wọ́n ní kí Roger Bucknall, àgbà oníṣẹ́ gìtá, ṣe gìtá mẹ́fà tó bára mu ní ìwọ̀n àti ní ojú. Ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ wọn nìkan ni igi ti yàtọ̀. Ọ̀kan jẹ́ rosewood ilẹ̀ Brazil, igi tó wọ́n gógó. Òmíràn jẹ́ sapele, igi tó gba orúkọ rẹ̀ lára ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta lórílẹ̀-èdè wa níhìn-ín. Onígìtá 52 ló ta wọ́n níbi tí iná kò ti mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi awò dúdú tí àwọn wẹ́dà ń lò bojú, kí wọ́n má baà rí àwọ̀ igi. Nígbà tí ojú kò rí mọ́, igi olówó ńlá kò ga ju igi olówó pọ́ọ́kú lọ létí wọn, ó sì ṣòro fún wọn láti fi etí nìkan mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ohun tí ẹ̀yìn gìtá jẹ́ fún ojú gìtá ni igi ìlù jẹ́ fún awọ ìlù. Bí àwọn onígìtá kò bá lè fi etí mọ ìran igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ta ni nínú wa tó lè fi etí mọ̀ bóyá ẹ̀bá ọ̀nà ni igi ìlù ti hù tàbí inú igbó?

Èsì fún àwọn tó takò mí

Àwọn kan yóò sọ pé mo ń pe àwọn baba wa ní òpùrọ́. N kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Láyé tí kò sí ọkọ̀, orí ni wọ́n fi ń ru ìtì igi délé. Èrò tèmi ni pé igi ẹ̀bá ọ̀nà ló rọrùn láti gé àti láti rù, òun náà sì ni gbogbo ìlú mọ̀ láti kékeré, tí wọ́n mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà. Àwọn tó ń gbẹ́ ère ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lágbègbè wa máa ń wá igi tó fúyẹ́, nítorí orí ènìyàn ni yóò gbé e jó. Ìdí tó ṣe é fojú rí ni wọ́n tẹ̀ lé. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìlù rí, kí ìtàn tó bo ìdí mọ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní Àyàn, òrìṣà ìlù, ló wà nínú igi. Mo bọ̀wọ̀ fún Àyàn àti fún ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ilé Àyàn ń ṣe. Wọn kì í gbé ìlù fún ọmọ kí wọ́n sì retí pé igi yóò sọ̀rọ̀ fún un. Láti kékeré ni ọmọ ti ń tẹ̀ lé baba rẹ̀ lọ sóde, tí ó ń lu omele, tí ó ń kọ́ oríkì ìdílé, tí wọ́n ń bá a wí bí ó bá ṣì í lù. Bí igi bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, kí ni gbogbo ọdún ìkọ́ṣẹ́ yẹn wà fún?

Ẹ sì tún ro ti ibodè wa. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà tó pín ilẹ̀ Kétu sí méjì. Igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìlárá nítòsí ibodè ń gbọ́ Yorùbá, ó ń gbọ́ Ègùn, ó ń gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn aṣọ́bodè. Èdè wo ni ìlù rẹ̀ yóò sọ? Àwọn Hausa ní kàlàńgú, ìlù tí àárín rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti dùndún. Ẹ gbé dùndún Àfọ̀n fún onílù wọn, yóò fi lu èdè tirẹ̀. Ìlù kò ní èdè kan nínú. Ẹni tó lù ú ló ni èdè.

Ǹjẹ́ igi kò wúlò rárá ni? Ó wúlò. Igi tí kò gbẹ yóò là, ẹnu ìlù yóò wọ́, awọ kò sì ní dúró dọ́gba lójú rẹ̀ mọ́. Igi tí kòkòrò ti jẹ yóò fọ́ lábẹ́ ọsán. Igi tó wúwo jù yóò dun onílù léjìká. Bí agbẹ́lù kò bá gbẹ́ inú rẹ̀ dáadáa, tí ẹnu kò sì rí róbótó, kò sí awọ tó lè gbà á là. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ igi nìyí: kí ó gbẹ, kí ó le, kí ó má là, kí ó ṣe é gbé. Apá ṣe é, ọ̀mọ̀ náà ṣe é, nítorí náà ni wọ́n fi ń lò wọ́n. Igi mìíràn tó bá ní ìwà kan náà yóò ṣe é pẹ̀lú.

Ìpalára tó wà níbẹ̀

Ẹnìkan lè ní kí n fi ìgbàgbọ́ yìí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó ń pa wá lára. Ó ń jẹ́ kí àwọn kan fi ìbúra lásán gba owó lọ́wọ́ onílù, bí wọ́n ti gba tèmi. Ó ń mú kí ọ̀dọ́ onílù máa wá ẹ̀ṣẹ̀ sí igi lọ́rùn nígbà tí ó yẹ kí ó kọ́ bí a ṣe ń fá awọ àti bí a ṣe ń ta ọsán. Ó sì ń gbé ẹrù lé igi apá lórí nígbà tí agbára rẹ̀ ti ń tán.

Ẹnikẹ́ni tó bá gba ọ̀nà Ayétòrò lọ sí Ìmẹ̀kọ ti rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn tó ń sun èédú àti àwọn oníṣòwò pákó jọ ń lé igi líle tó kù ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa, apá sì wà lára ohun tí wọ́n ń lé. Ní Novẹ́ńbà 2022, nínú ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè inú CITES, àdéhùn tó ń ṣọ́ òwò igi àti ẹranko igbó, ṣe ní Panama, wọ́n fi gbogbo irú apá tó wà ní Áfíríkà sábẹ́ ìṣọ́, pé kò gbọdọ̀ kọjá ibodè láìsí ìwé àṣẹ. Igi tí ayé ti ń ṣọ́ báyìí, kò yẹ kí àwa máa wá ọ̀kan ṣoṣo tó kù létí ọ̀nà kí á gé e nítorí pé a rò pé ó gbédè.

Igi mìíràn wà tí a lè dán wò: ìjọba ti gbin mélínà káàkiri ìpínlẹ̀ Ògùn, títí kan igbó ọba Ọmọ ní agbègbè Ìjẹ̀bú. Igi náà yára dàgbà, ó fúyẹ́, bí ó bá sì ti gbẹ dáadáa, kì í tètè wọ́ tàbí kí ó là. Mo rọ àwọn agbẹ́lù wa kí wọ́n fi ṣe ìlù kan, kí wọ́n fi apá ṣe èkejì ní ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n fi awọ ẹran kan náà bo méjèèjì. Kí wọ́n fi aṣọ bo igi wọn, kí àgbà onílù lù wọ́n lẹ́yìn ògiri, kí àwa tó kù jókòó níwájú ká fetí sílẹ̀. Èmi yóò gba ohun tí etí bá sọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Àwọn baba wa kò sọ ọ̀rọ̀ asán tí wọ́n fi sọ pé ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Òótọ́ ni. Igi tí a gbé ọ̀rọ̀ náà lé ni kò bọ́ sí i; etí ènìyàn ló yẹ kó gbọ́. Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tó jẹ́ ti àwa àti àwọn ará wa ní Benin àti Tógò, mọ́ àwọn àṣà tó jẹ́ ìṣúra gbogbo ayé. Ìlù ló ń darí ijó náà, ọ̀rọ̀ ló wà lẹ́nu ìlù náà. Àwọn ọmọ tó ń jáde nílé wa lónìí, tí a kì í bá sọ Yorùbá mọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, báwo ni wọ́n yóò ṣe mọ ohun tí ìlù ń wí? Bí awọ bá dára, tí ọsán le, tí ọwọ́ sì yá, tí kò sí etí tó gbédè, ariwo ni gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi igi ẹ̀bá ọ̀nà sílẹ̀ kí ó máa ṣíji bo èrò. Ẹ ra awọ tó dára, ẹ san owó agbẹ́lù tó mọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó ti onílù. Ẹ bá ọmọ yín sọ Yorùbá. Ọmọ ló ní etí tó lè gbọ́ ọ. Igi kò ní.